Ìbọ̀wọ́ tí Comfort Hun fún Kaṣíà

Benin kì í ṣe ìlú òtútù. Ẹni tó bá jókòó sí Iyaro lọ́sàn-án gangan láìsí ìbòji yóò mọ ohun tí ojú iṣu ń rí kó tó di sísun. Síbẹ̀, aṣọ òtútù ni Comfort ń hun tà níbẹ̀ láti ọdún 1980, òun náà ló sì fi tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí títí ọmọ náà fi jáde yunifásítì. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n a máa rò pé orí rẹ̀ dàrú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé orí rẹ̀ pé dáadáa, ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìjánu.

Àkàndé, ọkọ rẹ̀, ló mú un wá láti Ọ̀wọ̀ nígbà tó rí iṣẹ́ akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Comfort kò mọ ẹnì kankan nílùú náà, kò sì gbọ́ Edo. Ìyàwó pásítọ̀ wọn ló kọ́ ọ ní híhun, lọ́fẹ̀ẹ́, kó lè rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe, kí ẹnu rẹ̀ sì lè sinmi díẹ̀ nínú ìpàdé àwọn obìnrin. Ọwọ́ rí iṣẹ́ lóòótọ́. Ẹnu kò sinmi.

Òwò náà kò gba ọgbọ́n ju pé kéèyàn mọ àwọn ìyá. Oòrùn ìbáà máa yọ́ ọ̀dà títì, ìyá ọlọ́mọ tuntun kò ní gbà fún ọ pé òtútù ò sí. Edo ni o, Yorùbá ni o, Ìgbò ni o, bí wọ́n bá ti gbé ọmọ jáde ní ọsibítù, wọ́n á dé fìlà wúùlù fún un, wọ́n á wọ ìbọ̀sẹ̀ wúùlù sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á sì ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ ìbọ̀wọ́ kó má baà fi èékánná ya ara rẹ̀ lójú. Ọmọ á máa làágùn bí alágbàṣe. Comfort á kí ìyá náà kú ewu, á gbowó rẹ̀, á sì gbàdúrà kí Ọlọ́run tètè fún un ní òmíràn.

Nínú gbogbo ohun tó ń hun, ìbọ̀wọ́ ọmọ ló rọrùn jù. Àpò kékeré lásán ni. Kò ní ìka, kò ní ibi tí àtàǹpàkò ń gbà jáde, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi ń so ó mọ́ ọrùn ọwọ́. Comfort lè di ojú hun ún, kó sì máa bá ẹni mẹ́ta jà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó fẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan ní ọdún 2007, nígbà tí Akínfẹ́mi, ọmọ rẹ̀, mú ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ wá kí wọn nílé. Isoken lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Edo ni, kaṣíà ni ní báńkì kan nígboro, ó sì ga ju Akínfẹ́mi lọ díẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ni Comfort ti ń wá ibi tí yóò ti sọ ọ̀rọ̀ gíga náà. Kò ráyè sọ ọ́ kó tó sọ èyí tó burú jù ú lọ.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wọn, orúnkún rẹ̀ sì kan ilẹ̀ gidi, kì í ṣe ti àwọn tó ń ṣe bí ẹni fẹ́ já bọ́. Ó wọ kíṣìnì láìjẹ́ pé wọ́n rán an, ó bu omi tútù wá fún ìyá ọkọ rẹ̀ ọ̀la, ó tún kúnlẹ̀, ó sì na ife náà sí i pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Òsì ló fi ń kọ̀wé, òsì ló fi ń ka owó, òsì ló sì máa ń yára jáde bí àyà rẹ̀ bá ń já. Ṣé ẹ mọ̀ pé kò sí ilé Yorùbá tí wọn kì í torí ẹ̀ gbá ọmọ lọ́wọ́? Àwọn Edo náà kò gba gbẹ̀rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Bí Comfort bá fẹ́ ṣe àgbà lọ́jọ́ náà, ì bá gba omi, kó mu ún, kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ti rí i tó dákẹ́ rí? Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti Comfort kì í kàn fọ́, a máa ta sí èèyàn láṣọ. Ó wo ife náà bí ẹni tó rí aláǹgbá nínú rẹ̀, ó sì fi Pidgin sọ̀rọ̀ kó lè yé àlejò yékéyéké.

“For your papa house,” ló wí, “na left hand una dey take give mama water?”

Isoken rọra gbé ife náà sórí tábìlì. Ó dúpẹ́, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Akínfẹ́mi sáré tẹ̀ lé e. Ìrẹsì tí Comfort tìtorí wọn pa odidi adìyẹ sí ṣì wà lórí iná, Àkàndé nìkan ló sì jẹ ẹ́, nítorí ó ní adìyẹ kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Lọ́jọ́ kejì ni Akínfẹ́mi wá ṣàlàyé. Benin ni wọ́n bí i sí. Gbogbo Yorùbá tí ìyá rẹ̀ bá sọ ló ń yé e, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń dáhùn láti kékeré. Ó ní láti ìgbà tí Isoken ti wà lọ́mọdé ni ìyá rẹ̀ àgbà ti ń fi okùn so ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, tí àwọn tíṣà ń fi rúlà nà án. Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí i rí. Bó bá fi òsì gbé ife fún un, bàbá náà á gbà á, á sì ṣàdúrà fún un. Bàbá ọ̀hún kú lọ́dún tó kọjá. Nínú gbogbo ilé tó wà láyé, ilé rẹ̀ ni Comfort lọ nàka sí.

“Mummy, you fall my hand,” Akínfẹ́mi wí. Kò pariwo. Ì bá sàn fún ìyá rẹ̀ bó bá pariwo.

Ó dun Comfort. Kí á má purọ́, ó dùn ún débi pé kò bá ẹnikẹ́ni jà ní odidi ọ̀sẹ̀ kan, tí àwọn tó jọ ń tajà fi bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ṣùgbọ́n kí ó lọ bẹ ọmọ tí òun lè bí? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é? Ó kúkú se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin àti ẹlẹ́ja, ó kó o sínú kúlà, ó fi rán Akínfẹ́mi sí i. Kúlà náà padà wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mọ́ínmọ́ín ṣì wà nínú ẹ̀, ó ti ń kan. Pásítọ̀ ní kó lọ gbàdúrà. Ó gbà á, ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé bí òun ṣe ń bẹ Ọlọ́run ni òun ń ṣàlàyé fún un pé ọmọ náà ló kọ́kọ́ ṣẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí wọ́n fi dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Sátidé ni, ní Aduwawa, ní ilé tí bàbá Isoken kọ́. Akínfẹ́mi sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó múra. Ó ní Isoken ò fẹ́ rí Mummy níbẹ̀, òun ò sì lè fi ipá mú un. Àkàndé ní kò burú, pé Bùsáyọ̀, àbúrò òun obìnrin tó wà ní Àkúrẹ́, yóò wá jókòó sípò ìyá ọkọ.

Bùsáyọ̀. Nínú gbogbo èèyàn tí Ọlọ́run dá, tó sì ráyè dá. Ìyá tó wà láyé, tí ara rẹ̀ le koko, kí ìyàwó ilé mìíràn lọ jókòó sórí àga rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń tọrọ ìyàwó fún ọmọ kan ṣoṣo tó bí: Comfort kò mọ ikú tó ju ìyẹn lọ. Ó sọ fún Àkàndé pé bí Bùsáyọ̀ bá fẹsẹ̀ kan Aduwawa, kí wọ́n kúkú ra pósí òun lójú ọ̀nà bọ̀. Àkàndé ní pósí ti wọ́n.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti gbọ́ ohun tó ràn án lọ́wọ́. Àkàndé àti ọmọ rẹ̀ wà ní pálọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Akínfẹ́mi ní máníjà báńkì wọn máa ń tan éésì bí ẹni tó ń tọ́jú òkú, gbogbo ìka ọwọ́ Isoken a sì máa kú tipiri kó tó di ọ̀sán. Wọ́n ní kó wọ ìbọ̀wọ́, ó ní kò ṣeé ṣe, nítorí ìka ló fi ń mọ owó ayédèrú.

Comfort padà sí yàrá, ó jókòó, inú rẹ̀ sì dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìrẹsì. Òtútù kẹ̀? Ṣé òtútù ni wọ́n ń sọ fún òun? Ó ní òun á hun ìbọ̀wọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́, tí yóò dúró ní oríkèé ìka, tí yóò yọ ihò kan sílẹ̀ fún àtàǹpàkò, kí àwọn ìka yòókù máa gbatẹ́gùn.

Àkàndé gbọ́ ọ, ó ronú sí i. “Ìbọ̀wọ́ tí kò bo ìka,” ó wí. “Ìyẹn ò yàtọ̀ sí ṣòkòtò tí kò ní ìdí.”

Comfort kò dá a lóhùn, èyí tó jẹ́ kí Àkàndé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ó lọ sí Ọjà Ọba, ó ra wúùlù tó rọ̀ jù níbẹ̀, aláwọ̀ wáìnì. Obìnrin tó tà á bi í pé ọmọ oṣù mélòó ló fẹ́ hun ún fún. Ó ní ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ báńkì.

Kò hun irú rẹ̀ rí, iṣẹ́ náà sì jẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó hun, ó tú. Ó tún hun, ihò àtàǹpàkò fẹ̀ tó èyí tí ọmọ adìyẹ lè gbà kọjá, ó tún tú u. Bó bá ti hun díẹ̀ báyìí, á kì í bọ ọwọ́ òsì ara rẹ̀ láti fi wọ̀n ọ́n, torí pé abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ pé tán, ó hun òdòdó funfun kan sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó sì to ìlẹ̀kẹ̀ pupa wínníwínní yí àárín òdòdó náà ká, bí iyùn tí àwọn Edo fẹ́ràn. Rọ́bà ni ìlẹ̀kẹ̀ náà. Iyùn gidi wà fún àwọn tí bàbá wọn joyè.

Ó hun èkejì gẹ́gẹ́ bó ṣe hun àkọ́kọ́, ó ń wọ̀n ọ́n sọ́wọ́ bó ṣe ń wọn àkọ́kọ́, kò fi ojú kan dín, kò fi ojú kan lé. Ó tẹ́ méjèèjì sórí bẹ́ẹ̀dì, òdòdó kọjú sókè. Ó pe Àkàndé wá wò ó. Àkàndé, tó ti wá ẹ̀sùn kan tì, ní wọ́n jọra bí ìbejì. Comfort ní bó ṣe yẹ kí ìbọ̀wọ́ rí nìyẹn.

Kò fi rán Akínfẹ́mi. Mọ́ínmọ́ín ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tó ku ọ̀túnla kí wọ́n lọ sí Aduwawa, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi bébà wé ìbọ̀wọ́ náà, ó wọ takisí lọ sí báńkì. Bí olùṣọ́ ṣe ṣílẹ̀kùn fún un ni òtútù gbá a lójú. Ó ti rò pé àsọdùn àwọn ọ̀dọ́ ni. Àwọn tó tò síbẹ̀ ká apá mọ́ àyà bí adìyẹ tí òjò pa. Àánú ọmọ náà ṣe é kó tó fojú kàn án rárá.

Isoken rí i láti ọ̀ọ́kán. Ojú rẹ̀ pa dé bí ilẹ̀kùn báńkì lọ́jọ́ Àìkú. Kò sá, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ń dá àwọn tó wà níwájú lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan Comfort, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí oníbàárà, ó sì bi í bóyá ó fẹ́ sanwó ni àbí ó fẹ́ gbowó.

Comfort ní òun ò sanwó, òun ò sì gbowó. Ó ti bébà náà gba abẹ́ gíláàsì. Ó ti kó ọ̀rọ̀ dídùn jọ láti ilé, ó sì tún un sọ nínú takisí títí dẹ́rẹ́bà fi ń wo ẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju pé “For cold” lọ.

Isoken tú bébà. Ó wo ìbọ̀wọ́ náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì wọ ọ̀kan sí ọwọ́ òsì. Ó bá a mu rẹ́gí. Ó yí ọwọ́ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fi ìka kan kan àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà, nǹkan kan sì tú ká díẹ̀ lójú rẹ̀. Comfort rí i. Ó sún mọ́ gíláàsì. Ọmọ náà mú èkejì, ó kì í bọ ọwọ́ ọ̀tún.

Ihò àtàǹpàkò wà níbi tí kò yẹ kó wà. Ó yí i, òdòdó lọ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó yí i padà, àtàǹpàkò há. Ó bọ́ ọ, ó tẹ́ ẹ sórí káńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀, ó sì ń wò ó.

Ọkùnrin sísanra kan tó wà lẹ́yìn Comfort, tó di owó sínú ọ̀rá dúdú, na ọrùn. “Cashier,” ló wí, kò sì rọhùn, “na two left hand this Mama carry come.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Isoken kò rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè wo Comfort, Comfort sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó ṣe. Gbogbo ìbọ̀wọ́ tó ti hun láyé, ti ìkókó ni. Ìkókó kò ní ìbọ̀wọ́ òsì, kò ní ti ọ̀tún. Láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kò sí oníbàárà kan tó torí àtàǹpàkò bá a jà rí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? Ohun tí ẹnikẹ́ni yóò rò ni ọmọ yìí yóò rò, pé obìnrin tó torí ọwọ́ òsì bú òun lọ jókòó sílé, ó fi wúùlù hun èébú náà lẹ́ẹ̀kejì, ó sì to ìlẹ̀kẹ̀ sí i lára.

Ó wá ẹnu rẹ̀ tì. Ẹnu tó ti bá lánlọ́ọ̀dù jà, tó bá agbowó-orí jà, tó bá akọrin jà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dá a lóhùn. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ni yóò fi lọlẹ̀ lọ bá a. Comfort di káńtà mú, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí táìlì báńkì, níwájú gbogbo èèyàn.

Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé káńtà ga. Bó ṣe kúnlẹ̀ ni Isoken kò rí i mọ́. Ohùn rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ láti ìsàlẹ̀.

“My pikin, I no do am take abuse you,” ohùn náà wí. “Na baby hand I dey knit since. Na my own left hand I take measure the two. That day, wetin I talk, I no suppose talk am. I no know say your papa don go. Even if e dey, I no suppose talk am. Abeg.”

Àgbàlagbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ń wo ilẹ̀ báyìí. Isoken dìde lórí àga rẹ̀, ó tẹ orí síwájú títí iwájú orí rẹ̀ fi kan gíláàsì kó tó rí gèlè. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, pé àwọn èèyàn ń wò. Comfort ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n orúnkún ò gbọ́. Ọkùnrin sísanra náà ló fi ọ̀rá owó rẹ̀ sábẹ́ apá, tó fà á dìde.

Isoken ti jókòó. Ìbọ̀wọ́ kan wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó mú èkejì, ó tì í padà gba abẹ́ gíláàsì sọ́dọ̀ Comfort, Comfort sì wò ó bí ẹni tó ń wo kúlà mọ́ínmọ́ín. Ó gbà pé ó tán. Ó nawọ́ mú un, ó fẹ́ yí padà.

“Mama,” Isoken wí, “right hand remain. Bring am come Aduwawa on Saturday.” Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì pe ọkùnrin sísanra náà kó bọ́ síwájú.

Comfort kò rántí bó ṣe dé ìta. Oòrùn gbá a mú, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn báńkì, ó sunkún gidi, kò tilẹ̀ fi nǹkan bojú. Ìyókù wúùlù náà àti abẹ́rẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀, níbi tí wọ́n máa ń wà. Ó ń sunkún lọ, ó ń hun ti ọ̀tún lọ.

Olùṣọ́ wá dúró lórí rẹ̀. Ó bi í bóyá wọ́n ti kó owó rẹ̀ lọ nínú àkáǹtì ni.

“No,” Comfort wí, kò gbójú sókè. “Na my wife. She say make I come.”